Gáàsì Ìdáná Nínú Ilé: Ilẹ̀ Ni Ó Ń Wá, Kì í Gòkè

Láti ìgbà tí owó kẹrosíìnì ti kọjá agbára mẹ̀kúnnù, ọ̀pọ̀ ilé ní ìpínlẹ̀ wa ni ó ti gbé sítóòfù olówùú jù sí ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n sì ti ra sílíńdà gáàsì. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Gáàsì yá, kì í rú èéfín bí igi, kì í sì í sọ ìdí ìkòkò di dúdú bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ àwọn ìbéèrè kan kò yé jẹyọ nípa rẹ̀. Ṣé inú ilé ni kí á gbé sílíńdà sí ni, àbí ìta? Èé ṣe tí a fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan ohun tí a fi ń tan iná mànàmáná bí a bá gbóòórùn gáàsì? Ṣé a lè dá sílíńdà dùbúlẹ̀ kí ìwọ̀nba tí ó kù lè jáde?

Ohun kan ṣoṣo ni ó dáhùn èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn: gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ.

Àwọn ìyá wa fi igi dáná, èéfín igi sì máa ń gòkè. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ń kọ́lé fi máa ń gbé fèrèsé ilé ìdáná sókè, tí wọn a sì dá ihò sí abẹ́ òrùlé. Ọgbọ́n náà dára fún ààrò, ṣùgbọ́n kò wúlò fún gáàsì. Butane àti propane ni gáàsì tí a fi ń dáná. Butane fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì afẹ́fẹ́, propane náà sì fi nǹkan bí ìdajì wúwo jù ú lọ. Bí ó bá ń jò níbi tí rọ́bà ti so mọ́ sílíńdà, ṣe ni yóò rọra ṣàn wálẹ̀ bí omi, tí yóò tẹ́ pẹrẹsẹ lórí símẹ́ǹtì, tí yóò gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá sí pálọ̀, tí yóò sì kó sínú gọ́tà tàbí kòtò tí ó bá wà nítòsí. Fèrèsé tí ó wà lókè orí wa kò lè rí i lé jáde. Ọmọ tí ń rákò àti ẹni tí ó sùn lórí ẹní ni ó sì sún mọ́ ọn jù lọ.

Kò ní láti pọ̀ kí ó tó léwu. Nínú sílíńdà, omi ni gáàsì, nítorí pé agbára ni a fi tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí ife kan nínú omi náà bá jáde tí ó di gáàsì, yóò fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 250. Bí gáàsì bá sì ti tó nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 afẹ́fẹ́ inú yàrá, iná kékeré kan ti tó láti gbé e.

Gáàsì fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Òórùn burúkú tí a ń gbọ́ yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí i ni, kí imú wa lè kìlọ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn a máa dí imú, imú àgbà a máa kú, ẹni tí ó bá sì ti jókòó pẹ́ nínú òórùn kan kì í gbọ́ ọ mọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi gbogbo ẹ̀mí yín lé imú lọ́wọ́. Nígbàkígbà tí ẹ bá rọ gáàsì tuntun, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ fi kànrìnkàn pa á sí gbogbo ibi tí nǹkan ti so pọ̀, láti orí sílíńdà dé ìdí sítóòfù. Bí ọṣẹ náà bá ń hó, tí ó ń wú, ó ń jò níbẹ̀. Ìṣáná kọ́ ni a fi ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò! Ẹ wo rọ́bà náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú: eku a máa jẹ ẹ́, ooru a sì máa mú kí ó sán. Rọ́bà tí a fi ń fa omi kì í ṣe rọ́bà gáàsì, wáyà tí a sì fi lọ́ ọ lọ́rùn kò lè rọ́pò irin ìdè tí a ṣe fún un.

Ní ti ibi tí ó yẹ kí sílíńdà wà, ìta ni ó dára jù, lẹ́yìn ògiri ilé ìdáná, níbi tí oòrùn kò ti ní pa á, tí kò sì sí gọ́tà, kànga tàbí kòtò nítòsí. A mọ̀ pé olè ń bẹ. Àgò onírin tí a fi àgádágodo tì yóò dáàbò bò ó, bí a bá ti fi àlàfo sílẹ̀ nísàlẹ̀ àgò náà.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù ni àwọn ayálégbé inú ilé olójúlé púpọ̀, níbi tí sílíńdà mẹ́fà tàbí méje ti ń tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Kò sí bí a ṣe lè sọ fún irú wọn pé kí wọ́n lọ kọ́ ilé ìdáná mìíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n lè bẹ onílé kí ó dá ihò sí ìdí ògiri, ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ gan-an, kí ó sì fi nẹ́ẹ̀tì onírin bò ó nítorí ejò àti eku. Wọ́n lè gbé sílíńdà sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tí ó jáde síta, kí ó má ṣe wọ yàrá ìsùn rárá. Bí oúnjẹ bá sì ti jinná, orí sílíńdà gan-an ni kí a ti yí i pa, kì í ṣe ojú sítóòfù nìkan.

Ẹ jẹ́ kí sílíńdà dúró lóòró nígbà gbogbo. Lórí omi inú rẹ̀ ni gáàsì máa ń wà. Bí a bá dá a dùbúlẹ̀, omi ni yóò gba inú rọ́bà jáde, iná yóò sì ru sókè lójijì. Bákan náà ni a kò gbọ́dọ̀ gbé e sínú omi gbígbóná nítorí kí ó lè jó tán. Níbi tí a ti ń rọ ọ́, ẹ wo ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Bí ó bá jẹ́ kílò 13, tí ẹ sì ra kílò 12.5, 25.5 ni ó yẹ kí òṣùwọ̀n kà. Kí ó dín, ìrẹ́jẹ ni. Kí ó lé, ewu ni, nítorí pé omi inú rẹ̀ máa ń fẹ̀ bí ooru bá mú, ó sì gbọ́dọ̀ ní àyè.

Iná aláwọ̀ búlúù ni a fẹ́. Bí ó bá ń pọ́n, tí ìdí ìkòkò sì ń dúdú, ojú sítóòfù ti dí tàbí kí afẹ́fẹ́ má tó. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì ṣílẹ̀kùn.

Bí ẹ bá wá gbóòórùn gáàsì, ẹ yí orí sílíńdà pa bí ọwọ́ yín bá lè dé ibẹ̀ láìséwu, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn kí ẹ tó ronú kan fèrèsé, nítorí ilẹ̀kùn ni ó kan ilẹ̀. Ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa èyí tí ó ti ń jó tẹ́lẹ̀. Títàn àti pípa ni ó ń ta iná pàrà. Ẹ má fi fáànù lé e. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Bí iná bá ti ń jó lẹ́nu sílíńdà tí ẹ kò sì lè dé ibi tí a ti ń yí i pa, ẹ má ṣe gbìyànjú láti pa iná náà: gáàsì tí kò jó mọ́ yóò máa kóra jọ sílẹ̀, yóò sì tún gbiná ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ fi ilé sílẹ̀. Ìta ni kí ẹ ti tẹ 112. Ẹ sọ orúkọ àdúgbò àti ohun tí a fi lè dá ilé náà mọ̀, kí ẹ sì sọ pé sílíńdà gáàsì wà nínú rẹ̀, kí àwọn panápaná lè mọ ohun tí wọn yóò bá pàdé.