Aago wo ni kí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ gbà gbọ́?

Ní Ọjà-Ọ̀dàn àti gbogbo ilẹ̀ Yewa tó fara ti bọ́dà Benin, ta ni tòkunbọ̀ ṣàjèjì sí? Mọ́tò ni o, firíìjì ni o, kọ̀ǹpútà ni o, èyí tí òyìnbó ti lò là ń rà. Ìròyìn tí àjọ Basel Action Network gbé jáde ní 2005 fojú bù ú pé nǹkan bí 500 kọ̀nténà àlòkù kọ̀ǹpútà àti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló ń wọ Èkó lóṣooṣù. Pàǹtí pọ̀ nínú wọn, àmọ́ èyí tó bá ṣì ń tàn kì í wá oníbàárà tì. Oníbàárà á yẹ ojú rẹ̀ wò, á yẹ bátìrì wò. Aago inú rẹ̀ ni kì í sábà wá sí i lọ́kàn.

Aago ọ̀hún ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó ń ka ọjọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní pípa, bátìrì pẹlẹbẹ kékeré CR2032 ló sábà máa ń gbé e ró. Bí bátìrì náà bá kú, kọ̀ǹpútà á jí sínú ọdún tó ti kọjá, ojú òpó báǹkì á sì kọ̀ láti ṣí. Ẹ pààrọ̀ bátìrì, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní títàn ló ní ìtàn nínú. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà PC jáde ní 1981, ṣípù Intel 8253 ni wọ́n fi ṣe aago rẹ̀, ó sì ń ka nǹkan bí 1,193,182 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iye kàyéfì! Tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ Amẹ́ríkà ló fà á: kírísítà tó bá àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n mu ni wọ́n lò, wọ́n wá fi 12 pín ìlù rẹ̀.

Ní 1993, ṣípù Pentium mú aago tuntun dé, tí wọ́n ń pè ní TSC. Inú ọpọlọ kọ̀ǹpútà gan-an ló wà, nítorí náà kíkà rẹ̀ yá kánkán. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ̀ǹpútà alágbèéká bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ ìsáré ọpọlọ rẹ̀ kí iná bátìrì má baà tètè tán, òǹkà TSC náà ń falẹ̀. Ní 2005, AMD Athlon 64 X2 kó ọpọlọ méjì sínú ṣípù kan, kálukú pẹ̀lú aago tirẹ̀, bí onílù méjì tí wọn kò gbọ́ ara wọn. Ètò kan lè bi èkíní ní aago, kó bi èkejì, kí ìdáhùn kejì sì ṣáájú ti àkọ́kọ́. Ní ti ọ̀pọ̀ ṣípù Core 2 Duo tó ti wọ ọjà wa, TSC wọn a máa dúró pátápátá bí ọpọlọ bá sùn wọra.

Ìdí nìyí tí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, fi ń dán TSC wò kó tó gbà á gbọ́. Bó bá ká irọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, á yà sí aago HPET tàbí ti ACPI, tí wọ́n lọ́ra láti kà, àmọ́ tí wọn kì í purọ́ bẹ́ẹ̀. Iye ìgbà tí aago ń kan ilẹ̀kùn ọpọlọ náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀: ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni láyé àtijọ́, Linux 2.6 sọ ọ́ di 1000, ní 2005 wọ́n fà á wálẹ̀ sí 250, torí pé ìkànkùn náà ń jẹ iná àti agbára.

Fún àwọn tó ń kọ Linux, títọ́jú ẹ̀rọ àtijọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní 2012, wọ́n yọ ṣípù 386 kúrò nínú Linux, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí 386 ni Linus Torvalds ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Ní 2025, Ingo Molnar, ọ̀kan lára wọn, dábàá pé kí 486 àtàwọn ṣípù tí kò ní TSC náà kúrò. Àbá yẹn kò burú; 486 kọ́ ni ìyà wa. Core 2 Duo ni kí wọ́n má tíì fọwọ́ kàn.

Ẹni tó bá fi Linux sórí tòkunbọ̀ rẹ̀, kó ka fáìlì /sys/devices/system/clocksource/clocksource0/current_clocksource. Bó bá rí hpet tàbí acpi_pm níbẹ̀, kó má ṣe tẹ̀ lé ẹni tó ní kó fagbára dá a padà sí tsc kó lè yára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.