Bí Ọlọ́pàá Bá Mú Ènìyàn, Ta Ni Yóò Bi Ọlọ́pàá?

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ ọlọ́pàá, kí n tó ro ti ẹni tí ọlọ́pàá mú.

Ní Ẹ̀gbẹ̀ wa níhìn-ín, oníṣòwò tí ó bá ń gba ọ̀nà Ìsánlú tàbí ọ̀nà Ọmù-Àrán a máa gbàdúrà kí mọ́tò tó ṣí. Àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀nà ilẹ̀ Yàgbà di ọ̀nà ẹ̀rù. Ọlọ́pàá tí ó ń lépa irú wọn nínú igbó lóru, òun náà ní ìyàwó tí ń retí rẹ̀ nílé. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń wí ní ìsọ̀ pé, "Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá lù wọ́n dáadáa! Ṣé olè ń ṣàánú wa ni?" Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún wa pé ẹni tí wọ́n mú ni olè?

Mo ní ìdí tí mo fi ń bèèrè. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, owó kan sọnù ní kíláàsì mi. Gbogbo ọmọ nàka sí ọmọkùnrin kan, mo sì nà án. Ní ọjọ́ kejì, mo rí owó náà láàárín ìwé tí èmi fúnra mi fi ń pe orúkọ wọn. Mo bẹ ọmọ náà níwájú gbogbo kíláàsì. Ṣùgbọ́n ohun kan kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní: bí mo bá ti dákẹ́ ni, kò sí ẹni tí ì bá bi mí léèrè, nítorí n kò kọ ẹgba náà sínú ìwé kankan. Bí ẹgba olùkọ́ bá rí báyìí, kí ni a ó wí nípa ìbọn?

Ní ọjọ́ Kérésìmesì, 25 Disẹ́ńbà, 2022, agbẹjọ́rò obìnrin kan, Bọ́láńlé Raheem, wà nínú mọ́tò pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti àwọn ẹbí wọn lábẹ́ afárá Ajah ní Èkó. Olóyún ni. Àwọn ọlọ́pàá tí ó wà níbẹ̀ fẹ́ dá mọ́tò náà dúró. Ọ̀kan nínú wọn, Drambi Vandi, tí ipò rẹ̀ jẹ́ ASP, yìnbọn. Ọta bá obìnrin náà, ó sì kú. Kò jalè, kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sí ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ì bá parí sí "ìbọn ló ṣèèṣì," kí wọ́n sì gbé ọlọ́pàá náà lọ sí ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Jánúárì 2023, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé Vandi lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Ọkọ olóògbé jẹ́rìí. Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ Vandi náà jẹ́rìí. Wọ́n sọ fún ilé ẹjọ́ pé nígbà tí a ka ọta tí a fún un, iye rẹ̀ kò pé mọ́. Ní 9 Ọ̀kítóbà, 2023, Adájọ́ Ìbírónkẹ́ Harrison dá a lẹ́bi ìpànìyàn, ó sì dájọ́ ikú fún un.

Ẹ kíyè sí i: igbe nìkan kọ́ ni ó mú ìdájọ́ náà wá. Ọta tí a kà ni, àti ẹnu tí kò bẹ̀rù láti sọ ohun tí ojú rí. Oníṣòwò ni èyí yóò yára yé jù. Ọjà tí a kò kà kí ó tó jáde, ta ni yóò mọ iye tí ó dín nínú rẹ̀?

Ẹ wá fi èyí wé ẹgbẹ́ ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS. Ní 1992 ni wọ́n dá a sílẹ̀ nítorí àwọn adigunjalè. Wọn a máa wọ aṣọ ilé, wọn a sì máa gun mọ́tò tí kò ní àmì ọlọ́pàá. Ẹni tí kò wọ aṣọ iṣẹ́, tí orúkọ rẹ̀ kò sí láyà, báwo ni a ó ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn? Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú olè ni wọ́n fi ń mú ọ̀dọ́ tí ó kàn ní fóònù olówó ńlá. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ìjọba ní òun yóò tún un ṣe. Ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ kún ìgboro ni wọ́n tó tú u ká ní 11 Ọ̀kítóbà, 2020.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 35 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní kí a kọ ẹ̀sùn ẹni tí a mú fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tí ó gbọ́, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi rí agbẹjọ́rò rẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ní kí a má ṣe mú ìyá dípò ọmọ, kí a má sì mú ènìyàn nítorí àdéhùn ọjà tí ó yẹ̀. Òfin ti 2017 tí ó lòdì sí ìdálóró ní ẹni tí ó bá dá ènìyàn lóró lè ṣẹ̀wọ̀n títí dé ọdún 25, kò sì ní gba "ọ̀gá mi ló rán mi" gẹ́gẹ́ bí àwáwí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa pẹ̀lú. Nígbà tí oníṣòwò bá mú ọlọ́pàá lẹ́yìn lọ sí ilé ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, tí ó sì ní "ẹ bá mi fojú rẹ̀ rí nǹkan," ta ni ó kọ́ ọlọ́pàá ní ìwà náà? Nígbà tí a bá lu ọmọ tí ó jí fóònù ní ọjà títí tí ó fi dákú, a kò lẹ́nu láti bá olóńdó wí.

Bí wọ́n bá mú ẹni yín, ẹ má ṣe bá wọn jà. Ẹ bèèrè orúkọ ọlọ́pàá náà àti àgọ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀. Bí wọ́n bá lù ú, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí dókítà kọ ohun tí ó rí. Kí olùkọ́ bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ̀wé sí ọ̀gá àgọ́. Bí ìyẹn kò bá dáhùn, sí Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ní Lọ́kọ́ja. Lẹ́yìn rẹ̀, sí ìgbìmọ̀ tí ń bá ọlọ́pàá wí ní Àbújá. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìwé kọ̀ọ̀kan.

Ọlọ́pàá rere kò ní bínú sí èyí, nítorí ìwé kan náà ni yóò gbà á lọ́jọ́ tí wọ́n bá purọ́ mọ́ ọn. Ẹni tí ó gbé ìbọn ìlú kọ́ èjìká, ìlú ni yóò jíhìn fún.