Pákó Igi Líle Tó Lọ́: Ìlàlóye fún Ẹni Tó Ń Ṣiṣẹ́ Káfíńtà Nílé

Gbogbo ẹni tó ń fi ìrókò, apá tàbí ọ̀gànwó kan àga tàbí ilẹ̀kùn ní ẹ̀yìnkùlé la kọ ìwé yìí fún. Èyí tó ṣe kókó jù níbẹ̀ ni pé kí ẹ má ṣe gbé pákó tó lọ́ sórí ẹ̀rọ ayùn kí ojú rẹ̀ kan tó tẹ́jú.

Iṣan ara ìrókò kì í nà gbọọrọ sí ọ̀nà kan. Bí pákó rẹ̀ bá ń gbẹ, tí oòrùn pa ojú kan ju èkejì lọ, ó lè lọ́, kí igun méjì gbéra nílẹ̀. Irú pákó bẹ́ẹ̀ kì í jókòó jẹ́ẹ́ lórí tábìlì ẹ̀rọ. Bí ayùn bá wọ̀ ọ́, á mì, ibi tí ayùn là á fún mọ́ ayùn, ẹ̀rọ á sì ta á padà lu ẹni tó ń tì í. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó o.

Ẹ fi ayùn ọwọ́ gé pákó náà kúrú sí ìwọ̀n iṣẹ́ yín, nítorí èyí tó kúrú kì í lọ́ tó èyí tó gùn. Ẹ gbé igi tínrín méjì tó gún régé dábùú rẹ̀, ọ̀kan lórí, ọ̀kan nídìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wò wọ́n láti iwájú. Ibi tí wọn ò ti bára mu ló ga: ẹ fi ìfági ọwọ́ fá a títí wọn yóò fi bára mu. Iṣẹ́ sùúrù ni, a mọ̀.

Àwọn kan a máa ti pákó tó lọ́ gba inú ẹ̀rọ ìfági tààrà. Àṣedànù ni. Ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bó ṣe ń kọjá, bó bá jáde, á tún lọ́ padà. Ojú kejì ni kí ẹ fi ẹ̀rọ fá, kí ẹ tó tọ́ etí kan. Pákó tí gígùn rẹ̀ kò tó 30 sẹ̀ǹtímítà kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ náà rárá.

Nídìí ayùn, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ dúró sí, ẹ má dúró lọ́kàánkán rẹ̀. Igi ni kí ẹ fi ti ìdí pákó, kì í ṣe ìka. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́, ẹ ká apá aṣọ. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ tètè pa súìṣì, torí ayùn lè dédé yí nígbà tí iná bá dé. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù. Èéfín rẹ̀ ń pani.

Eruku ìrókò ń fa ara yíyún àti ikọ́ fée. Láti 1995 sì ni IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, pàápàá nínú imú. Ẹ lo ìbòmú àti awò ìdáàbòbò.

Bí ayùn bá gé ìka já, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gbọnyin, kí ẹ gbé ọwọ́ náà sókè. Ẹ má da epo tàbí kẹrosíìnì sí i. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù díẹ̀ wé ìka tó já, ẹ fi sínú ọ̀rá, ẹ di ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá gbé ọ̀rá náà sórí yìnyín. Yìnyín kò gbọdọ̀ kan ìka náà. Ẹ gbé aláìsàn àti ìka náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.