Apàṣẹ-Ẹ̀jẹ̀: Orúkọ tí ó yẹ abẹ́rẹ́ erythropoietin

Orúkọ tí a bá sọ oògùn a máa kọ́ ènìyàn bí yóò ti lò ó. Bí aláìsàn láti Odogbolu bá lọ gba ìtọ́jú àrùn kíndìnrín ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, tí a sì fún un ní abẹ́rẹ́ erythropoietin, ó rọrùn fún ògbufọ̀ láti pè é ní ‘abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀’. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó léwu. Ẹni tí ó gbọ́ ọ lè rò pé ẹ̀jẹ̀ ni ó wà nínú ìgò, àti pé bí ó bá ti pọ̀ tó ni yóò ti dára tó.

Họ́mónù ni oògùn yìí. Kíndìnrín ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí ó sì ń fi í pàṣẹ fún mùdùnmúdùn inú egungun pé kí ó ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa. Nígbà tí kíndìnrín bá bàjẹ́, àṣẹ náà kì í tó mọ́, ẹ̀jẹ̀ a sì dín kù. Ní 1977 ni Eugene Goldwasser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé wọ́n ti yọ ojúlówó rẹ̀ láti inú ìtọ̀ ènìyàn. Ní 1989 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tí a ṣe ní ilé-iṣẹ́ oògùn.

Nítorí náà, ‘họ́mónù apàṣẹ-ẹ̀jẹ̀’ ni ó yẹ ẹ́, nítorí òfin ìlò rẹ̀ wà nínú orúkọ náà. Ẹni tí ó pàṣẹ fún mọlémọlé láìsí amọ̀ ń ṣe wàhálà lásán. Èròjà irin ni amọ̀ ẹ̀jẹ̀; a gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí abẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ àpọ̀jù pẹ̀lú a máa ba iṣẹ́ jẹ́: ẹ̀jẹ̀ a ki jù, ẹ̀jẹ̀ ríru a le sí i, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2006 fi hàn pé ewu ikú, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ lápapọ̀ pọ̀ sí i fún àwọn aláìsàn kíndìnrín tí a fẹ́ kí hẹmoglóbìn wọn dé gíráàmù 13.5 nínú desilítà kan, ju àwọn tí a fi sí 11.3 lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá aláìsàn lóòrèkóòrè.

Orúkọ yìí tún kìlọ̀ pé oògùn náà kò wà fún gbogbo àìtó ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí aràn ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí kíndìnrín rẹ̀ sì pé, kò ṣaláìní àṣẹ. Aràn ni kí a kọ́kọ́ lé jáde.

Ẹlẹgẹ́ sì ni họ́mónù náà. Inú ẹ̀rọ amómitutù, láàárín ìwọ̀n ooru 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí. Kò gbọ́dọ̀ di yìnyín, a kì í sì í gbọ̀n ọ́n. Níbi tí iná mànàmáná kò bá dúró, ó sàn kí ìgò rẹ̀ wà ní ilé-ìwòsàn ju kí ó wà ní ìyẹ̀wù lọ.

Ògbufọ̀ tí ó bá pe oògùn yìí ní apàṣẹ-ẹ̀jẹ̀ ti fún aláìsàn ní ìdajì ìkìlọ̀ kí dókítà tó lanu.