Ṣé Àfikún RAM Yóò Mú Kí Kọ̀ǹpútà Yín Yára? Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Náwó

Lára ìbéèrè tí àwọn ará ìlú máa ń bi wá lórí ohun èlò ìgbàlódé, èyí tó jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń falẹ̀ kì í gbẹ́yìn. Olùkọ́ fẹ́ tẹ máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kí gbèdéke tó kọjá, ẹ̀rọ sì ń wọ́ bí ìgbín. Bí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́, ìdáhùn tí wọ́n sábà ń gbọ́ ni pé kí wọ́n lọ ra RAM kún un. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn, owó á lọ, ẹ̀rọ á sì wà bó ṣe wà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwa náà. A fi RAM kún ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ̀wé fún ojú òpó yìí, láti 4GB sí 8GB, a sì ń retí pé ara rẹ̀ yóò yá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tó máa ń gbà kó tó ṣí láàárọ̀ kò dín rárá. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, orí la ń tọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tó ń ta ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tó wà lórí àtẹ ni ó lè gbé fún oníbàárà lójú ẹsẹ̀. Ìyókù wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí, ọmọ ló sì ń rán lọ mú un wá. RAM ni àtẹ yìí: ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, bí a bá sì ti pa ẹ̀rọ, àtẹ á ṣófo. Dísíìkì ni yàrá ìkẹ́rùsí, níbi tí àwọn fáìlì àti fọ́tò yín ń gbé. Bí àtẹ bá kéré jù, kọ̀ǹpútà á máa kó ẹrù kan padà sí yàrá kí ó tó rí ààyè tẹ́ òmíràn, ọmọ á sì máa lọ, á máa bọ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà náà, ló lè mú kí ọjà falẹ̀: àtẹ tó kéré, tàbí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Bí ó ti wù kí a fẹ àtẹ tó, ọmọ tó ń wọ́ ẹsẹ̀ kò ní tìtorí rẹ̀ sáré. Dísíìkì àtijọ́ ló wà nínú kọ̀ǹpútà tiwa, irú èyí tí inú rẹ̀ ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Nígbà tí a fi SSD, tí kò ní ohun kankan tó ń yí, rọ́pò rẹ̀, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó ṣí.

Láti mọ èyí tó ń yọ ẹ̀rọ tiyín lẹ́nu, ẹ má ṣe yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ ṣí gbogbo ohun tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, títí yóò fi máa falẹ̀ lójú yín. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager yóò ṣí. Ẹ lọ sí Performance, kí ẹ wo Memory àti Disk. Bí Memory bá ń wà ní ìdá 90 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àtẹ ti kún nìyẹn. RAM yóò ràn yín lọ́wọ́. Bí Memory bá wà ní nǹkan bí ìdajì, tí Disk sì dúró sórí 100, ẹ má ra RAM. SSD ni kí ẹ wá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni ìgbà tí méjèèjì bá ga. Ẹni tó bá wo Disk nìkan yóò ní dísíìkì ló bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ àtẹ tó kún ló ń lé ọmọ náà kiri. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Bí ó bá sì jẹ́ pé CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló dúró sórí 100, ọ̀rọ̀ kò kan èyíkéyìí nínú méjèèjì: ẹ wo Processes láti mọ ètò tó ń jẹ agbára rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí oníṣẹ́ gbọn eruku inú fáànù dànù, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́.

Ohun kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Windows òde òní, Shut down kì í pa gbogbo ètò tán, Restart ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò tẹ Restart láti oṣù kan sẹ́yìn, kó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ná.

Bí ó bá wá hàn pé RAM ni, ẹ bèèrè bóyá ẹ̀rọ náà lè gbà á. Nínú Memory kan náà, ẹ wá Slots used: 1 of 2 túmọ̀ sí pé àyè kan ṣì ṣófo. DDR3 kò wọ ojú ihò DDR4, DDR4 kò sì wọ ti DDR5. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ ni wọ́n ti lẹ RAM wọn mọ́ pátákó inú rẹ̀ pa. Àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká Apple tó ń lo ọpọlọ tí Apple ṣe fúnra rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2020, kò ṣeé fi kún rárá. Bí Windows yín bá sì jẹ́ 32-bit, kò lè lo ju 4GB lọ, iyekíye tí ẹ bá fi sí i.

Láti 4GB sí 8GB, ìyàtọ̀ máa ń hàn gbangba sí ẹni tí àtẹ rẹ̀ ti kún. 16GB dára fún ẹni tó ń ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì rẹpẹtẹ tàbí tó ń ṣàtúnṣe fídíò. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà nìkan kò ní rí èrè owó tó ju ìyẹn lọ.

Ẹ tún ro ọjọ́ orí ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fòpin sí ìtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10, RAM tuntun kò sì lè sọ ọpọlọ àtijọ́ di èyí tí Windows 11 fara mọ́. Lójú tiwa, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní ipò yìí, kó tọ́jú owó RAM mọ́ owó kọ̀ǹpútà mìíràn.

Ẹ ṣe àdàkọ fáìlì yín síbòmíràn kí oníṣẹ́ tó tú ẹ̀rọ. Bó bá parí, ẹ ní kó ṣí Task Manager níṣojú yín, kí ẹ fojú ara yín rí i pé iye RAM tí ẹ sanwó fún ló wà níbẹ̀, kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.