Bí a ṣe ń fọ ìpáàrà inú táǹkì mótò

Ṣé mótò yín máa ń kú lójú ọ̀nà? Ẹ wo inú táǹkì ní ojúmọmọ. Bó bá pọ́n bí ilẹ̀ pupa, ìpáàrà ni. Omi ló ń fà á. Èérí rẹ̀ ló ń dí ọ̀nà ẹ̀sáǹsì.

Ẹ má fi fìtílà wò ó o! Òórùn ẹ̀sáǹsì nìkan lè gbiná.

1. Ẹ jáde síta, jìnnà sí iná àti sìgá. Ẹ da ẹ̀sáǹsì sínú bídọ́ọ̀nù onídèérí. Ẹ má fi ẹnu fà á, májèlé ni.

2. Ẹ tú táǹkì kúrò, kí ẹ dí ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

3. Ẹ ki ẹ̀wọ̀n irin kékeré bọ inú rẹ̀. Ẹ da fínígà kún un, omi kíkan tí a fi ń jẹ sàláàdì. Kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú.

4. Ẹ mì í dáadáa. Ẹ yọ ẹ̀wọ̀n, kí ẹ ṣan táǹkì títí omi yóò fi mọ́.

5. Ẹ sá a sóòrùn kíákíá. Tó bá ti gbẹ, ẹ fi òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ yí inú rẹ̀ ká. Bí omi bá kù níbẹ̀, ìpáàrà á tún padà.

Ẹ jẹ́ ká jíròrò: kí ló dé tí táǹkì òfìfo fi léwu?