Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ta ló tún mọ ọjọ́ nǹkan oṣù yín?

Ẹ̀yin obìnrin Ìbàràpá, láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, ṣé áàpù tó ń ka ọjọ́ nǹkan oṣù wà lórí fóònù yín? Ẹ dúró ká sọ̀rọ̀.

1. Flo gbajúmọ̀ gan-an nínú wọn. Ó ṣèlérí pé àṣírí ò ní tú. Ní 2021, àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kàn án pé ó ń fi ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ránṣẹ́ sí Facebook àti Google. Ìyẹn ni pé nígbà náà, bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé ẹ ti lóyún, Facebook á ti gbọ́ kí ìyá ọkọ yín tó gbọ́! Flo ní òun ò jẹ̀bi, àmọ́ ó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn.

2. Kí ni irú àwọn iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ yín ṣe? Ìpolówó ọjà ni.

3. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, ti 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun ẹlẹgẹ́. Bí áàpù kan bá tú àṣírí yín, ọ̀dọ̀ àjọ NDPC tó ń bójú tó òfin náà lẹ ti lè fẹjọ́ sùn.

4. Ẹ má fi orúkọ yín gan-an sí áàpù náà. Ẹ má jẹ́ kó mọ ibi tẹ́ ẹ wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ ní kí iléeṣẹ́ tó ni áàpù náà pa àkáǹtì yín rẹ́, torí pé yíyọ áàpù nìkan kì í pa ohun tó ti dọ́dọ̀ wọn rẹ́.

5. Lójú tèmi, ẹni tó ń yá fóònù yín lò nílé ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ra fún. Ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù ti áàpù náà pa. Kàlẹ́ńdà àti bírò náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ yín. Èwo lẹ̀ ń lò? Ẹ sọ fún wa, àmọ́ ẹ má kọ ọjọ́ yín síbẹ̀ o!